Ẹ bá mi dúpẹ́, kíndìnrín àbúrò mi ló wà nínú mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa ṣe kàyééfì pé ibo ni mo wọlẹ̀ sí. Ọlọ́run ló ní kí n ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè bá mi dúpẹ́ dáadáa.

Kíndìnrín mi méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú, nígbà tó yá ojú náà ń wú láàárọ̀, oúnjẹ ò wọlé mọ́, èébì ṣáá, tí mo bá sì gun àtẹ̀gùn báyìí màá máa mí gúlegúle. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń bà á jẹ́ lábẹ́lẹ̀, àìsàn yẹn kì í pariwo, ó lè ti ba nǹkan jẹ́ jìnnà kéèyàn tó mọ̀. Dókítà wo èsì tẹ́ẹ̀sì, ó ní máṣìn ló kù, ìyẹn dialysis. Ẹ̀jẹ̀ ara yín lẹ ó máa wò tó ń gba inú rọ́bà jáde, tí máṣìn ń fọ̀ ọ́, tó tún ń dá a padà, bíi wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ní kéèyàn wá, tẹ́ ẹ bá fi máa dìde kò ní sí okun kankan lára. Omi mímu gan-an, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún yín. Ó dé ibì kan tí mi ò lè gbàdúrà mọ́, kì í ṣe pé mi ò fẹ́, ọ̀rọ̀ ò jáde ni, "Jésù" nìkan ni mò ń pè, màá tún sùn lọ.

Àbúrò mi obìnrin ló ní òun máa fún mi ní ọ̀kan. Mo kọ̀, mo ní rárá, ìwọ tó o ní ọmọ kéékèèké. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bá mi jiyàn, méjì ni Ọlọ́run fún mi, ẹ̀yin ò ní ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, ó bára mu, wọ́n yẹ òun náà wò látòkèdélẹ̀, wọ́n bi í léraléra bóyá ẹnì kan ló fipá mú un, ó ní kò sẹ́ni tó fipá mú òun. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Ẹni tí ara ẹ̀ le koko, tí nǹkan kan ò ṣe, òun ló ń lọ gba ọ̀bẹ torí èmi aláìsàn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára mi, mo sunkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́ láìronú nípa ẹ̀, ẹ dúpẹ́ o!

Ohun tó wá gbà mí lọ́kàn ni pé kí ni mo fẹ́ san? Ká tiẹ̀ fi ti àbúrò mi sílẹ̀, kí ni màá san fún Ọlọ́run? Ìgbà yẹn ni mo ka Sáàmù 116, onísáàmù ní okùn ikú yí òun ká, ní ẹsẹ 12 ó wá béèrè ohun tóun máa san fún Olúwa nítorí gbogbo oore ẹ̀. Ẹ wo ìdáhùn ẹ̀ ní ẹsẹ 13: ó ní òun máa gba ago ìgbàlà. Ohun tó máa san ló béèrè, ó tún na ọwọ́ gba nǹkan sí i! Àwọn Júù máa ń kọ Sáàmù 113 sí 118 nígbà Ìrékọjá, Mátíù 26:30 sì sọ pé Jésù àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ kọrin kí wọ́n tó lọ sórí Òkè Ólífì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì gbà pé àwọn sáàmù yìí ni. Ẹ ò rí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Olúwa fi ẹnu ara ẹ̀ kọ orin ọpẹ́ yẹn lóru tí wọ́n máa mú un, ago tó korò lòun fẹ́ mu, kó lè fún wa ní ti ìgbàlà.

Ìfẹ́ àbúrò mi pọ̀, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ọmọ ìyá mi ni. Pọ́ọ̀lù ní Róòmù 5 ní ó ṣòro kéèyàn tó kú fún olódodo pàápàá, ṣùgbọ́n ìgbà tá a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa, ẹsẹ 10 tiẹ̀ pè wá ní ọ̀tá. Ọ̀tá! Ta ló ń yọ kíndìnrín fún ọ̀tá? Jésù ò sì yọ ẹ̀yà kan kó gbé ìyókù lọ sílé, gbogbo ara ẹ̀ ló fi lélẹ̀.

Torí náà ẹ má rò pé ìwòsàn yìí ni mo fi mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi. Àwọn kan tá a jọ wà lórí máṣìn ti lọ, àwọn tó nífẹ̀ẹ́ Jésù dénú, wọn ò rẹ́ni fún wọn ní kíndìnrín. Ṣé Ọlọ́run ò fẹ́ràn wọn ni? Ó fẹ́ràn wọn gan-an. Orí àgbélébùú ló ti parí ọ̀rọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, èyí tó ṣe fún mi yìí, èènì ló bù lé e.

Ní báyìí, oògùn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ máa lò láàárọ̀ lálẹ́ níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín yìí bá ń ṣiṣẹ́, torí ara mọ̀ pé àlejò ni, ó fẹ́ bá a jà. Tí fóònù bá ti dún pé ó ti tó àsìkò, mo lò ó, mo sì kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù pé bí mi ò bá kúnlẹ̀ àìsàn á padà wá, kì í sì ṣe gbèsè ni mò ń san, ta ló rí i san? Òun ló kọ́kọ́ fẹ́ràn wa, bí 1 Jòhánù 4:19 ṣe wí, èmi náà wá fẹ́ràn ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Róòmù 12:1 ní ká fi ara wa fún Ọlọ́run ní ẹbọ ààyè, ara tó ti ń kú lọ yìí ni mo fi ń ṣe é. Mo máa ń wọ ìbòmú, torí oògùn yẹn máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù, màá lọ jókòó ti àwọn tó wà lórí máṣìn, ẹni tó bá fẹ́ kí n ka Bíbélì fóun, màá kà á, ẹni tí kò bá fẹ́, a jọ máa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹ̀.

Ara àbúrò mi ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ máa fi í sínú àdúrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń dúró de ẹni tó máa fún yín, ẹ jẹ́ kí n mọ orúkọ yín, ká jọ máa gbé e lọ síwájú Olúwa. Halelúyà! Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi yọ̀.