Abala Pàjáwìrì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú ìmọ̀ òfin, mo ti ka àwọn iṣẹ́ tí ẹ kọ lọ́dún yìí lórí ohun tó ń mú kí òfin orílẹ̀-èdè dára. Ibi tí àwọn tó ṣáájú yín ti kọsẹ̀ ni ẹ̀yin náà ti kọsẹ̀: ẹ to ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ́sẹẹsẹ, ẹ yìn ín, ó parí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Èkíní ni pé kí ẹ ka abala pàjáwìrì, ìyẹn èyí tó sọ ohun tí ìjọba lè ṣe nígbà ewu, kí ẹ tó ka ti ẹ̀tọ́. Òfin tí Jámánì ṣe ní Weimar lọ́dún 1919 kún fún ẹ̀tọ́ tó dùn-ún kà, ṣùgbọ́n abala 48 gba Ààrẹ láyè láti dá abala méje nínú wọn dúró nígbà tí ìlú kò bá fararọ. Lóòótọ́, ilé aṣòfin lè ní kí ó fagi lé àṣẹ rẹ̀. Àmọ́ abala 25 ní Ààrẹ lè tú ilé aṣòfin náà ká. Ní oṣù keje ọdún 1930, ilé kọ ètò ìṣúná Brüning, olórí ìjọba lábẹ́ Ààrẹ, Ààrẹ Hindenburg fi àṣẹ gbé e jáde, ilé fagi lé àṣẹ náà, Ààrẹ tú wọn ká, ó sì tún àṣẹ ọ̀hún pa. Nínú ìdìbò tó tẹ̀lé e, ìjókòó ẹgbẹ́ Hitler kúrò ní 12, ó di 107. Abala 48 yìí kan náà ni wọ́n fi gba òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àti ìpàdé lọ́wọ́ ará ìlú ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1933.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn abala náà ló ń bí mi nínú jù: ó ní òfin mìíràn ni yóò ṣe àlàyé kíkún, wọn kò sì ṣe òfin náà rí. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ pé kí a má fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn aṣòfin yóò bójú tó o. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Èkejì àti ẹ̀kẹta, inú èkíní yìí náà ni wọ́n wà: ẹ wò ó bóyá àṣẹ pàjáwìrì ní gbèdéke ọjọ́, kí ẹ sì wo ẹni tó lè dá a dúró. Ní Weimar, bí ilé bá dákẹ́ tàbí tí kò sí níkàlẹ̀, àṣẹ ń bá iṣẹ́ lọ. Gúúsù Áfíríkà ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn nínú òfin ọdún 1996: ọjọ́ 21 péré ni ìkéde pàjáwìrì ní, àfi bí ilé bá sún un síwájú; lẹ́yìn ìsúnsíwájú àkọ́kọ́, ìdá 60 nínú 100 àwọn ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i; ilé ẹjọ́ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bófin mu. Òfin orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá irú gbèdéke ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ mi.