Ọdún tí mo di ayàwòrán túláàsì

Oṣù Kẹta nìkan ni mo rí nínú ọdún yìí. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, mi ò ní tún un rò. Àwọn oṣù yòókù kàn kọjá ṣáá ni. Látìgbà tí Bàámi ti jáde láyé lóṣù Kẹta náà, èmi aláròyé yìí ò rí gbólóhùn kan kọ. Màá ṣí kọ̀ǹpútà, màá wò ó, òun náà á máa wò mí, títí bátìrì rẹ̀ á fi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹ mọ̀ pé kì í rẹ èèyàn lẹ́kún, ló ju bírò sí mi: “Bí o ò bá lè kọ ọ́, yà á.” Mo ní mi ò mọ àwòrán yà. Ó ní, “Ta ló bi ọ́?”

Ìlà lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tó ń yí po láti àárín ìwé bọ̀ síta, tí kò gbọdọ̀ fara kan ara rẹ̀. Adájọ́ inú orí mi, tó máa ń fagi lé ọ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́ tán, ò ka irú pálapàla bẹ́ẹ̀ sí ẹjọ́, ló bá sùn lọ. (Lọ́dún 2009, Jackie Andrade, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí èèyàn 40 tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ fóònù kan tó ń súni. Àwọn tó ń fi lẹ́ẹ̀dì kun àwòrán kéékèèké fi ìdá 29 nínú 100 rántí ju àwọn yòókù lọ. Ìpè Bàámi náà máa ń súni, ìgbà Nóà ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lónìí, màá gbé e, láìmú lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́.)

Ìgbà tó yá, mo gbé awò ojú Bàámi síwájú. Mi ò wo ìwé rárá, awò ni mo tẹjú mọ́, bírò ń tẹ̀lé ojú mi díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo yà jọ kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò gbá. Ṣùgbọ́n mo ti rí okùn dúdú tó fi so apá ọ̀tún, kókó mẹ́ta, ọ̀kan ti ń tú. Mo rí ìtẹ̀ka rẹ̀ lára gíláàsì òsì. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà: “Okùn dúdú ló so apá ọ̀tún.” Gbólóhùn kejì tẹ̀lé e. Mi ò tíì nu gíláàsì yẹn o. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ kúkú mọ̀.

Àròkọ oṣù Kẹwàá, tí ẹ fi ń bú mi pé mo pa yín lẹ́kún, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá mo ti jẹun, tí ẹ ò bèèrè iṣẹ́, ẹ ṣé gan-an. Ìwé tí mo ṣèlérí lésìí ńkọ́? Àwòrán ti kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kù.

Ọwọ́ Bàámi ni mi ò tíì rí yà. Ọwọ́ èèyàn le, ẹ bi ẹnikẹ́ni: àtàǹpàkò á gbòdì, ìka á di mẹ́fà. Màá tún gbìyànjú lóṣù Kìíní. Tó bá tún di mẹ́fà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.