Mo Dé Fìlà fún Baba Onílé, Ọ̀rọ̀ Bá Di Jìbìtì

Ọdún méjì ni mo lò ní Hyderabad, ní Íńdíà, nígbà tí mo lọ kàwé sí i. Àdúgbò Tarnaka ni mo gba yàrá sí. Baba onílé àti ìyàwó wọn wà nísàlẹ̀, èmi wà lókè, Ankul àti Aanti sì ni gbogbo àwa ayálégbé ń pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tó mi lò ní kíláàsì, ṣùgbọ́n Aanti ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sú mi kí n máa fọwọ́ júwe iyọ̀ àti omi bí odi. Mo bá gbájú mọ́ Telugu. Èdè àwọn ará Telangana àti Andhra Pradesh ni, ìkànìyàn ọdún 2011 sì fi hàn pé àwọn tó ń sọ ọ́ lé ní mílíọ̀nù 80. Kì í ṣe ẹbí Híńdì rárá, nítorí náà ìwọ̀nba Híńdì tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn onímárúwá ò ràn mí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo: wear. Mo wò ó nínú ìwé atúmọ̀ tó wà lórí fóònù mi, ó ní dharinchu ni. Ó tán! Mo bá ń fi dharinchu ṣe gbogbo ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aanti jáde pẹ̀lú sari aláwọ̀ ewé tuntun, mo ní kí n yìn wọ́n, mo ní "Cheera baaga dharinchaaru," ìyẹn ni pé ẹ wọ sari yín dáadáa. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọbìnrin wọn, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ló là mí lọ́yẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ò burú, pé irú ẹ̀ ni ọlọ́pàá ojú pópó ń kọ sára pátákó pé kí ọlọ́kadà dé akoto, àmọ́ ẹni tó bá ń sọ ọ́ nínú ilé dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò fún ìyá rẹ̀.

Ó wá ń fọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Sari, kattukovadam, torí pé ńṣe ni wọ́n ń so ó mọ́ra. Ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò àti bàtà, vesukovadam. Gíláàsì ojú, òrùka, fìlà, òdòdó inú irun, àti àmì pupa tí wọ́n ń tẹ̀ sí iwájú orí, pettukovadam ni gbogbo wọn, bí ẹni pé èèyàn gbé nǹkan lé ibì kan.

Ojú tì mí. Kì í ṣe torí pé mi ò mọ̀ ọ́n, torí pé ó yẹ kí n ti fura ni. Ta ló ń wọ gèlè nílé wa? À ń wé gèlè, à ń ró ìró, à ń dé fìlà, à ń lé tìróò. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ wọ fìlà, wọ́n á bi mí pé àbí ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Etí ọ̀rọ̀ yìí wà lára mi látilẹ̀wá, mo kàn lọ gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́ láti Ìbàdàn tó kọ́kọ́ wọkọ̀ Èkó. Láti ọjọ́ náà, mo yéé béèrè pé kí ni wọ́n ń pe wear. Mo máa fọwọ́ kan nǹkan náà, mo máa ní, "Èyí ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Èyí tí wọ́n bá sọ ni mò ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá. Kì í bára mu déédéé o. Fìlà àti tìróò ò jọ rìn lọ́dọ̀ tiwa, àmọ́ pettukovadam kan náà ló kó àwọn méjèèjì lọ́hùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ko tó wà láàárín yẹn. Òun ló ń sọ pé ara ẹni lèèyàn ń ṣe é sí. Tí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ ní "cheera kattu", wọ́n á bi yín pé ta ni kí àwọn ró o fún. Ọkọ ìyàwó tó so taali, ìyẹn okùn ìgbéyàwó, mọ́ ìyàwó lọ́rùn, kattaadu ni wọ́n máa sọ, torí pé ọrùn ẹlòmíràn ni. Tí wọ́n bá ní ó kattukunnaadu obìnrin náà, wọ́n ń sọ pé ó ti fi ṣaya nìyẹn. (Kattu yìí náà ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ẹ má bi mí.) Ti ọ̀wọ̀ ò tiẹ̀ ni wá lára: nuvvu ni ìwọ, meeru ni ẹ̀yin, tí ẹ bá sì ti fi andi parí àṣẹ, ẹ ti kúnlẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀ tán. Ọjọ́ tí Ankul pé ọgọ́ta ọdún, mo mú fìlà aṣọ òkè kan tí mo gbé wá láti ilé, mo fi dé wọn lórí níwájú àlejò, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún. Ó bá wọn mu. Àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Mo rántí pé orí ẹlòmíràn ni, mo yọ ko kúrò, mo fi ìgboyà ní: "Ankul-gaariki topi pettaanu!"

Gbogbo pálọ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín sọ, Ankul fúnra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Àṣé nínú Telugu, ẹni tó bá dé fìlà fún ọ ti lù ọ́ ní jìbìtì. Gírámà mi ò ní àbùkù kankan, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ọmọbìnrin wọn ní ǹ bá ti sọ pé "Ankul-gaaru topi pettukunnaaru", kí n jẹ́ kí Ankul fọwọ́ ara wọn dé fìlà wọn, kí n yéé wá ẹ̀wọ̀n.

Mo ti padà sílé báyìí. Ankul ṣì máa ń pè mí lórí WhatsApp lọ́jọ́ ìbí wọn, fìlà náà á sì wà lórí wọn. Wọn kì í kí mi kí wọ́n tó béèrè: "Ee roju evariki topi pettaavu?" Ta lo tún dé fìlà fún lónìí?