Páàsì síkì: ẹ ra èyí tí ẹsẹ̀ yín gbà

"Páàsì yín ò ṣiṣẹ́ níbí." Lórí òkè yìnyín, ọ̀rọ̀ yìí máa ń ta èèyàn lára ju òtútù lọ. Iná pupa tàn, géètì ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè kò ṣí, èrò tò sẹ́yìn, gbogbo ojú wá kọ sí ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró rí níwájú òṣìṣẹ́ immigration mọ irú ìtìjú yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ńlá ni wọ́n san. Páàsì tí wọ́n rà, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń gun ẹ̀rọ náà, ni kò bá ibi tí wọ́n wà mu. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn, fún àwọn ará wa ní London àti Manchester tí ọmọ wọn ti ilé-ìwé dé pé gbogbo kíláàsì àwọn ló ń lọ síkì ní half-term oṣù kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú Trois Vallées (ìyẹn àfonífojì mẹ́ta) ní ilẹ̀ Faransé, torí ọ̀pọ̀ ará Britain ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn ibùdó síkì bíi Courchevel, Méribel, Les Menuires àti Val Thorens ló so pọ̀ mọ́ra níbẹ̀, ọ̀nà síkì rẹ̀ sì tó 600 kìlómítà. Páàsì tó gba gbogbo rẹ̀ ló wọ́n jù, ti àfonífojì kan ṣoṣo dín owó sí i. Máàpù ibẹ̀ máa ń wọ èèyàn lójú, ìyẹn ni wọ́n fi ń ra èyí tó wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ síkì rí kò ní kúrò ní ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bó ti wù kó lágbára tó. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ní Faransé, ẹ̀rọ kékeré kan tàbí méjì tó ń gbé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ gòkè jẹ́ ọ̀fẹ́, páàsì àwọn olùbẹ̀rẹ̀ tó pọ́ọ́kú sì wà lọ́pọ̀ ibi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà aláwọ̀ ewé tó rọrùn jù, tó sì ti ń gba búlúù láìṣubú, ẹ lè wá béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti fi kún un. Ọ̀nà pupa àti dúdú kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ibi tí ìṣòro géètì ti ń wá gan-an nìyí: sísọ̀ kalẹ̀ kò ní géètì, gígòkè ló ní in. Ẹni tó ní páàsì Méribel nìkan lè gun òkè Saulire láti ọ̀dọ̀ Méribel, kó sì yọ̀ wọ́ọ́rọ́ sọ̀ sí apá Courchevel láìsí ẹni tó dá a dúró. Ìgbà tó bá fẹ́ padà ni iná pupa máa tàn. Kí ẹ tó sọ̀ láti orí òkè èyíkéyìí, ẹ wo orúkọ abúlé tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó sì ra páàsì gbogbo gbòò ní láti ṣọ́ aago, torí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ tó so àfonífojì pọ̀ ń ti. Bí ẹ̀rọ ìkẹyìn bá lọ mọ́ yín lọ́wọ́ ní Courchevel, tó sì jẹ́ pé Val Thorens lẹ dé sí, takisí gbọ́dọ̀ sọ̀ títí dé Moûtiers, ìlú tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó tó tún gun òkè padà, owó rẹ̀ á sì dunni.

Ẹ ka ọjọ́ dáadáa. Sátidé sí Sátidé ni ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ mẹ́fà ni síkì, láti Sunday sí Friday. Ọjọ́ tó tẹ̀ léra ni páàsì ọlọ́jọ́ mẹ́fà máa ń kà. Ọjọ́ tí ẹ bá fi sinmi ti lọ nìyẹn. Àgbà tó mọ̀ pé ara òun á ro lọ́jọ́ kẹta lè ra ti ìdajì ọjọ́ tàbí ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ yàtọ̀: owó kíláàsì síkì kì í sábà ní páàsì nínú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ síkì náà, ẹ̀rọ wo ni tíṣà máa kó wọn gùn láti ọjọ́ kẹta, kí tiyín má bàa dá nìkan dúró nísàlẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sanwó ní ọ̀pọ̀ ibùdó, ṣùgbọ́n ó ṣì nílò káàdì, wọ́n sì máa béèrè páásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti ìjàǹbá. Páàsì kì í ṣe ínṣọ́ránsì. Tí orúnkún bá yí, wọ́n máa ń gba owó láti gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà síkì, owó hẹlikọ́pítà sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì GHIC, káàdì ìlera tí Britain ń fún èèyàn fún ìrìn-àjò, wúlò nílé ìwòsàn ìjọba, kì í san owó ìgbanilà lórí òkè, kì í sì í san owó gbígbé aláìsàn padà sí Britain. Ẹ ra Carré Neige, ínṣọ́ránsì síkì tí wọ́n ń tà níbẹ̀, mọ́ páàsì, yúrò díẹ̀ ni lójúmọ́, tàbí kí ẹ rí i pé ínṣọ́ránsì ìrìn-àjò yín dárúkọ síkì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní care home, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, lè jókòó sílé fún oṣù méjì mẹ́ta; rẹ́ǹtì kò ní dúró dè é, owó ilé-ìwé àbúrò nílé náà kò ní dúró. Ọ̀pọ̀ wa ni kò tilẹ̀ sọ fún màmá pé a ń lọ gun òkè yìnyín, kí wọ́n má bàa fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà gbààwẹ̀.

Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, tiyín tún yàtọ̀: páàsì Epic, èyí tó gba ọ̀pọ̀ òkè síkì, máa ń kúrò lórí àtẹ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ẹni tó bá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lójú wíńdò ní ibùdó síkì Vail lè san ju $200 lọ.

Ẹ fi káàdì sínú àpò apá òsì, kí fóònù, káàdì báǹkì àti bébà ṣokoléètì má wà níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí géètì rí i kà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ àti rìsíìtì. Tó bá sọnù, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi pa ti àtijọ́ tí wọ́n á sì fún yín ní òmíràn.