Wíwá iye kan nínú àtẹ púpọ̀ ní Excel: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ má bẹ̀rù #N/A. Ohun tó ń sọ kò ju pé òun ò rí ohun tí ẹ ní kí òun wá. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni iye tó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé òun ló tọ́.

Ibi tí irú rẹ̀ ti sábà ń wá ni ààyè kẹrin VLOOKUP, ìyẹn fọ́múlà tó ń wá nọ́ńbà kan ní òpó (column) àkọ́kọ́ àtẹ, tó sì ń mú ohun tó wà lórí ìlà kan náà wá láti òpó mìíràn. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ rárá, Excel á gbà pé ẹ ti to àtẹ náà láti kékeré dé ńlá, bí kò bá sì rí nọ́ńbà yín gan-an, á mú èyí tó kéré sí i. Ẹ máa fi 0 síbẹ̀, kó lè jẹ́ nọ́ńbà yín gan-an nìkan ló máa wá. Ẹ má sì gbàgbé àmì $ nínú àdírẹ́sì àtẹ, bíi $A$2:$D$500. Láìsí i, bí ẹ bá ṣe ń fa fọ́múlà wálẹ̀ ni àtẹ á máa bá a sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn ìlà òkè á máa bọ́ síta.

Bó bá di ṣíìtì méjì, ká ní Tuntun àti Atijo ni orúkọ wọn, ẹ so wọ́n pọ̀ báyìí:

=IFNA(VLOOKUP(A2,Tuntun!$A$2:$D$500,4,0),VLOOKUP(A2,Atijo!$A$2:$D$500,4,0))

Ìgbà tí kò bá rí i ní Tuntun nìkan ló máa lọ sí Atijo. Nítorí náà, bí nọ́ńbà kan bá wà nínú méjèèjì, ti Tuntun lẹ máa rí. Ẹ má fi IFERROR rọ́pò IFNA: #N/A nìkan ni IFNA ń bò, ṣùgbọ́n IFERROR á bo #REF! náà mọ́lẹ̀, ìyẹn àmì pé ẹnì kan ti pa òpó tí ẹ nílò rẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ki òpó tuntun bọ àárín, 4 yẹn, tó ń tọ́ka sí òpó kẹrin, á máa ka òpó mìíràn láìfọhùn. INDEX pẹ̀lú MATCH (MATCH á wá ìlà, INDEX á mú iye rẹ̀ wá) kò ní ìṣòro yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. XLOOKUP, fọ́múlà tuntun fún iṣẹ́ kan náà, dára pẹ̀lú, àmọ́ Excel 2016 àti 2019 kò ní in.

Nígbà mìíràn, ojú yín á rí nọ́ńbà náà nínú àtẹ, síbẹ̀ #N/A ò ní kúrò. Ẹ lo =ISNUMBER(A2) fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ni ọ̀kan, tí èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Bí ọ̀rọ̀ bá ni méjèèjì, ẹ fi LEN ka iye lẹ́tà àti àlàfo inú wọn. Àlàfo tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀, TRIM á gé e. Èyí tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, SUBSTITUTE(A2,CHAR(160),"") ló ń ká a.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ fi COUNTIF wò ó bóyá nọ́ńbà kan fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni VLOOKUP ń mú. Bó bá jẹ́ àpapọ̀ lẹ fẹ́, SUMIFS lẹ nílò.