Ẹ Lọ Dà Díẹ̀ Sílẹ̀

Inú rírun ló gbé mi dé ibi síkáànù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo inú ikùn ẹni. Nọ́ọ̀sì ní kí n mu píọ̀ wọ́tà méjì, kí n má sì tọ̀. Méjì o! Èmi ọ̀mọ̀ràn bá ní bí méjì bá dára, mẹ́rin á yá jù. Lítà méjì gbáko ni mo dà sọ́fun, mo tún ń wo àwọn tó ń mu tiwọn díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀lẹ.

Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí. Mo gbé fóònù kí n lè fi gbàgbé, ẹ wá wo ohun tí orí burúkú ní kí n kà: iṣẹ́ kíndìnrín! Wọ́n ní tọ̀sán-tòru, omi tó ń sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì tó lítà 180, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bíi lítà kan ààbọ̀ péré ló ń di ìtọ̀. Bí omi bá wọ́n lára, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí i pé kó di omi mú. Bí omi bá pọ̀, ọpọlọ á panu mọ́, kíndìnrín á ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ọpọlọ tèmi ti panu mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ra píọ̀ wọ́tà kẹta.

Iná dé, wọ́n pè mí. Dókítà tẹ ẹ̀rọ mọ́ mi nísàlẹ̀ ìdodo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àwọn baba ńlá mi. Ó ní, "Àpò ìtọ̀ yín ti kún jù, sà. Ẹ lọ dà díẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

Díẹ̀! Ṣé ẹ̀rọ omi ni mí ni? Mo gbìyànjú o. Mo ka ení, mo ka èjì. Kí n tó ka ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tọ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo tún sáré ra méjì sí i. Kíndìnrín ò tíì gbọ́ ti àkọ́kọ́ tán, mo tún di ẹrù mìíràn rù ú! Kò pẹ́ rárá tí àpò ìtọ̀ mi fi kún padà. Mo jókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, itan mọ́ itan. Bàbá kan ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí?" Mo kàn mi orí. Ẹni bá lanu nírú ìgbà yẹn, tirẹ̀ ti bá a.

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò tán, dókítà ní, "Kíndìnrín yín méjèèjì dára gan-an ni, sà." Ṣé èmi ló ń sọ ọ́ fún? Mo ti dé ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó tó parí ọ̀rọ̀. Obìnrin kan ti wà nínú rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan ka ohun tí wọ́n máa yá fún ìnáwó lórí fóònù. Ó ka àga, ó ka tábìlì. Nígbà tó dé orí kánópì, ó ní, "Dúró ná, jẹ́ ká tún un kà látòkè."