Ẹ́ńjìnnì Tuntun fún Ọkọ̀ Apẹja Àtijọ́: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́

Ọkọ̀ fáíbà ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, ọdún 1982 ni wọ́n ṣe é. Ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ́ńjìnnì two-stroke (irú tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù) 40 HP (HP ni ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n gbé sí i nígbà náà ló ti darúgbó. Mo yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo fi gééjì wo bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: méjì mú 120 psi, ẹ̀kẹta kò kọjá 85. Bí ìyàtọ̀ bá ti lé ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ríǹgì tàbí ògiri sílíńdà ti jẹ nìyẹn. Ọ́ìlì jíà tí mo tú sílẹ̀ náà ti funfun, omi ti ń wọ ibẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe, mo gbà, ṣùgbọ́n a ò rí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan rà mọ́. Mo tú u kúrò lọ́kàn mi kí n tó tú u kúrò lára ọkọ̀.

"HP mélòó lo fẹ́ rà?" ni gbogbo ẹni tó gbọ́ kọ́kọ́ ń bi mí. Èmi ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ti pẹ́, ìwúwo ló yẹ kí á kọ́kọ́ bi í: kílò mélòó ni ìdí rẹ̀ lè gbé tí omi kò fi ní wọlé? Two-stroke tó fúyẹ́ ni àwọn tó ya ọkọ̀ yìí ní lọ́kàn. Four-stroke òde òní, irú tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí bẹntiróòlù, wúwo jù ú lọ. Mo fi HP sílẹ̀ dìgbà tí ìdí ọkọ̀ bá ti dáhùn.

Pátákó ìdí ọkọ̀

Nínú ọkọ̀ fáíbà àtijọ́, pátákó tí ẹ́ńjìnnì ń gbé kọ́ kì í ṣe fáíbà lódindi. Plywood ló wà láàárín, fáíbà kàn bò ó tinú tòde ni. Fáíbà kì í jẹrà, igi ló ń jẹrà. Omi á gba ojú bóòtù wọlé, tàbí kó gba ihò ìtúmi ìsàlẹ̀, á sì máa jẹ igi náà nínú nígbà tí ojú òde ṣì ń dán.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ná mi ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, mo gbé e sókè díẹ̀, mo di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ sókè sódò, ẹnìkan sì ń bá mi wo ibi tí pátákó ti pàdé ilẹ̀ ọkọ̀. Pátákó tó le kì í mì. Tèmi mì. Mo wá fi hámà kékeré kàn án káàkiri: òkè rẹ̀ ń dún ko-ko-ko, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ń dún bọ̀ọ̀. Mo lu ihò tín-ín-rín láti inú ní ibi méjèèjì. Ti òkè mú ẹ̀rún igi gbígbẹ jáde. Ti ìsàlẹ̀ mú nǹkan dúdú tó tutù, tó sì ń rùn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí títún ọkọ̀ ṣe wò ó, ó ní, "Àbúrò, má wulẹ̀ kùn ún lójú. Ṣí inú rẹ̀." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ibí yìí ló jẹ àkókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Mo gé awọ fáíbà tinú, mo fi tòde sílẹ̀ kí ìrísí ọkọ̀ má baà yí. Mo họ igi jíjẹrà dànù títí mo fi kan fáíbà, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ. Plywood ojú omi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 18, ni mo fi epoxy lẹ̀ mọ́ra, tí mo sì fi kíláǹpù dì mọ́ awọ òde títí ó fi gan. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ aṣọ fáíbà lé e ní ìpele-ìpele, mo jẹ́ kí ó gun ẹ̀gbẹ́ àti ilẹ̀ ọkọ̀ dáadáa, nítorí pátákó tí kò bá di ẹ̀gbẹ́ mú, ẹ́ńjìnnì á máa fà á ya díẹ̀díẹ̀.

Ihò bóòtù ni mo wá fojú sí jù, torí ibẹ̀ ni ti àtijọ́ ti bàjẹ́. Mo lu ihò tó tóbi ju bóòtù lọ, mo fi epoxy tí mo po ki dí i pátá, nígbà tó gan ni mo tún un lu ní ìwọ̀n bóòtù. Bí omi bá tún gba ibẹ̀ wọlé, epoxy ni yóò bá, kò ní bá igi.

Kẹ́ẹ̀gì omi

Mo gbé ọkọ̀ sójú omi tó dákẹ́, láìsí ẹ́ńjìnnì nídìí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà tó kún fún omi wọn nǹkan bíi 20 kílò. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò pé 80 kílò, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló dúró fún un. Mo tò wọ́n mọ́ pátákó ìdí ọkọ̀, mo wá wọn bí ihò tí omi orí ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbà jáde ṣe ga sí omi tó: sẹ̀ǹtímítà 6.

Four-stroke tí mo ń wò lé díẹ̀ ní 100 kílò. Mo fi kẹ́ẹ̀gì karùn-ún kún un, mo tún fi ààbọ̀ sí i, torí pé ẹ̀yìn pátákó ni ẹ́ńjìnnì ń fì sí, ó sì ń tẹ ìdí ọkọ̀ ju ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ lọ. Ihò bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 3. Èèyàn méjì wá dúró síbi tí à ń dúró sí bí a bá ń fa ẹja, omi sì gba ihò náà wọlé.

Bí ẹnìkan bá ti ra ẹ́ńjìnnì kó tó dán èyí wò, ó di dandan kó máa wá nǹkan fi dí ihò kiri. Èmi gbé bátìrì lọ sábẹ́ ìjókòó àárín, mo sì gbé táńkì epo 25 lítà síwájú rẹ̀. Bẹntiróòlù inú rẹ̀ nìkan á tó kílò 18 bó bá kún. Ihò padà sí sẹ̀ǹtímítà 5, bí èèyàn méjì bá sì dúró sẹ́yìn, omi ò dé ẹnu rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: kílò 105, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíyan

Báàjì tó yẹ kó sọ HP tí ọkọ̀ lè gbé ti ṣá, kò ṣeé kà mọ́. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìṣirò kan tó ràn mí lọ́wọ́: fi gígùn ọkọ̀ lọ́po fífẹ̀ ìdí rẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà. Bí iye náà bá ju 52.5 lọ, tí ọkọ̀ ní ìdarí láti iwájú, tí pátákó rẹ̀ sì ga tó íǹṣì 20, sọ iye náà di ìlọ́po méjì, yọ 90 kúrò. Tèmi: 16 lọ́nà 4.3 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 69. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 138. Yọ 90, ó ku 48. Ìlànà náà gbà kí á gbé e lọ sí 50. Bí ọ̀rọ̀ 60 HP ṣe tán nìyẹn, bó ti wù kó wù mí tó.

Ohun kan wà tí àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń gbàgbé. Kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1980, ibi ẹ́ńjìnnì gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń wọn HP. Lóde òní, ìdí pùròpẹ́là ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí jíà ti jẹ nínú agbára náà. Nítorí náà 40 òde òní ju 40 tí mo tú kalẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ra 40 kò ní pàdánù nǹkan kan.

Two-stroke tuntun tó ń lo kábúrẹ́tọ̀ ì bá yanjú ọ̀rọ̀ ìwúwo, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Àmọ́ ó ń jẹ epo, apá kan bẹntiróòlù rẹ̀ ń bá èéfín lọ láìjóná, òfin èéfín Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù sì ti lé e kúrò lọ́jà tuntun wọn. Ẹnìkan fi Evinrude E-TEC àlòkù lọ̀ mí. Ẹ́ńjìnnì tó dáa ni, two-stroke sì ni, ṣùgbọ́n òun náà lé ní 100 kílò, BRP, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Evinrude, sì ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2020. Mi ò fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀yà kiri.

Ó wá ku four-stroke. Ibí yìí ni ìwé àlàyé ẹ́ńjìnnì ti wúlò, torí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣe ara ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo kí wọ́n tó pín in sí HP oríṣiríṣi. Ẹ wo Suzuki DF40A, DF50A àti DF60A: 941 cc (ìwọ̀n àyè inú sílíńdà wọn lápapọ̀) ni gbogbo wọn, kílò 104 sì ni wọ́n. Honda BF40 àti BF50 náà, 808 cc kan náà ni. Ẹni tó ra 40 nínú irú wọn gbé ìwúwo 50 láìgba agbára rẹ̀. Mo mú 50 tó wà lábẹ́ ààlà ìwúwo mi. Mi ò ní sọ ilé iṣẹ́ wo, kí èyí má di ìpolówó.

Wọ́n tún ní èyí tí jíà rẹ̀ tóbi, tó ń yí pùròpẹ́là ńlá díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo ni ìyẹn yẹ. Tèmi fúyẹ́, kílò àfikún náà kò sì wù mí.

Gígùn shaft, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti orí ẹ́ńjìnnì lọ sísàlẹ̀ síbi pùròpẹ́là, kò fa àríyànjiyàn: láti òkè pátákó ní àárín dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ íǹṣì 20, nítorí náà shaft gígùn ni, kì í ṣe kúkúrú oní íǹṣì 15.

Gbígbé e sí i

Àpótí àtijọ́ tí awakọ̀ fi ń ti jíà kò bá ẹ́ńjìnnì tuntun mu, bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà rẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ dà, títí kan kébù ìdarí àti okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá já sómi. Mo da epo àtijọ́ tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ nù sí ibi tó yẹ, mo fọ táńkì, mo ra rọ́bà epo tuntun, mo sì fi àsẹ́ 10 micron tó ń yọ omi sí i.

Mo fi bóòtù di ẹ́ńjìnnì mú ní ihò kejì láti òkè. Awo pẹrẹsẹ tó wà lókè pùròpẹ́là wá bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba. Gééjì tó ń ka ìyípo ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn: ó gbọ́dọ̀ bá iye òpó (pole) tó wà nínú ohun tó ń mú iná jáde lára ẹ́ńjìnnì mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni yóò máa pa, yóò sì ba àyẹ̀wò pùròpẹ́là jẹ́.

Lórí omi

Mo fara balẹ̀ fún wákàtí 10 àkọ́kọ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, kí n tó fún un ní gbogbo agbára rẹ̀. Ààlà rẹ̀ bí a bá ṣí i tán ni ìyípo 5,500 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Pùròpẹ́là tó bá a wá jẹ́ oní pitch íǹṣì 13 (pitch ni bí pùròpẹ́là ṣe yẹ kó lọ síwájú tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan). Pẹ̀lú epo, yìnyín àti èèyàn méjì, 5,200 ló mú. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ó sì ń lọ́ra láti gbé imú ọkọ̀ wálẹ̀. Íǹṣì kan nínú pitch máa ń yí nǹkan bí ìyípo 150 sí 200. Mo fi 11 sí i. Ẹrù kan náà, ó gun 5,600, ọkọ̀ sì ń dìde kíá.

Ihò ilẹ̀ ọkọ̀ kò gba omi wọlé, kódà nígbà tí àwa méjèèjì wà lẹ́yìn. Pátákó kò mì. Pùròpẹ́là 13 wà nínú àpótí fún àfirọ́pò. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ ló kù láti pa dà, bí ó bá pé wákàtí 20. Mo sì fẹ́ fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ náà.